Lẹ́tà Tí Mo Kọ Fún Mọdúpẹ́ Láì Fi Orúkọ Sí I

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tí mo ti gbé pamọ́ sínú fún ọdún mẹ́rin. N kò ní tàn yín pé ó gba oorun lójú mi. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mo tilẹ̀ sanra sí i. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí wọ́n bá dìde nínú ẹgbẹ́ wa láti yìn mí pé olóòótọ́ ni mí, bàtà mi ni mo máa ń wò.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé lóṣù tó kọjá, irọ́ tí mo pa fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ ńlá kan lọ́wọ́ ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó bú mi.

Oníṣirò owó ni mí. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ mi ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ni a ti ń gbé ní Johannesburg, ní Bruma. Mo wà nínú ẹgbẹ́ kan tó wà fún àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ owó, àwa tí a wà ní báńkì, ní ilé iṣẹ́ adójútòfò, àti àwa tí a ń yẹ ìwé owó wò. Ohun tí ẹgbẹ́ náà ń jà fún ni kí obìnrin má kàn jókòó ti ìṣirò títí irun rẹ̀ á fi funfun, kí ọkùnrin tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ sì wá di ọ̀gá lé e lórí.

Lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ máa ń mú obìnrin méjìlá, á fi wọ́n sí ẹ̀kọ́ aṣáájú fún odidi ọdún kan. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ jáde, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá á máa wá a kiri. Èmi wà lára ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́fà tó ń yan àwọn méjìlá náà. A máa ń yọ orúkọ kúrò lára fọ́ọ̀mù, nọ́ńbà nìkan la ń rí, kí ojúsàájú má baà wọ̀ ọ́. A sì ní òfin kan pé ẹni tó bá wà nínú ìgbìmọ̀ kò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni kọ ohunkóhun. Èmi ni mo tilẹ̀ ní kí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà tẹ òfin yẹn.

Mo wá ní ọ̀rẹ́ kan, àbúrò ni fún mi lọ́jọ́ orí. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Mọdúpẹ́. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó bá a mu, torí pé ọpẹ́ kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni, ilé ìjọsìn la ti pàdé. Nídìí ìṣirò, orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ. Mo ń sọ èyí láìjowú rárá. Ó dára, mo jowú díẹ̀.

Wàhálà Mọdúpẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ. Kò lè yin ara rẹ̀. Wọ́n tọ́ ọ dàgbà pé ẹlòmíì ló ń yin èèyàn. Fọ́ọ̀mù wa sì béèrè pé, kí ni ìwọ fúnra rẹ ti ṣe níbi iṣẹ́? Mọdúpẹ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé nípa oore ọ̀fẹ́ Ọlọ́run, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn ọ̀gá òun àti ìfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ òun, àwọn rí iṣẹ́ náà ṣe. Yorùbá ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Mọdúpẹ́ nìkan ló máa ń dé, síbẹ̀ "àwá dé" ló máa ń jẹ́.

Wọ́n yọ orúkọ kúrò lára fọ́ọ̀mù náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ta ni ẹlòmíì ní gbogbo Johannesburg tó lè fi "Ògo ni fún Ọlọ́run" parí fọ́ọ̀mù tó dá lórí owó? Obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Eish, ọ̀gá ẹni yìí gan-an ló yẹ ká mú." Wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́dún kejì, ó tún kọ ọ́ bákan náà, ó kàn fi àdúrà kún un ni. Wọ́n tún tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo bá a sọ̀rọ̀ títí. Mo ní kó sọ pé òun ló ṣe é, ṣebí òun ló ṣe é. Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó bọ́ra sílẹ̀ lójú títì. "Àǹtí, tí mo bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣé wọn ò ní ní mò ń fọ́nnu?"

Lọ́dún kẹta, ẹgbẹ́ wa ṣí ọ̀nà mìíràn sílẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá ń bá obìnrin kan ṣiṣẹ́ lè kọ lẹ́tà nípa rẹ̀, bó bá sì ń bẹ̀rù wàhálà ibi iṣẹ́, kò pọn dandan kó fi orúkọ sí i. Mọdúpẹ́ kò kọ nǹkan kan lọ́dún yẹn. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì tó, òun kò ní sọ ara òun di ẹlẹ́yà.

Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀. Ní ọ̀sán Sátidé kan, mo jókòó sídìí tábìlì ìdáná mi, mo gbé kọ̀ǹpútà síwájú, mo sì kọ lẹ́tà náà.

Mo kọ ọ́ nípa ọjọ́ kan tí Mọdúpẹ́ rí i pé ìwé owó tí àwọn ọ̀gá ńlá ti buwọ́ lù ti wọ́ láti ìdí, tí ìpàdé àwọn olùdarí sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Kò pariwo. Ó wọ yàrá ọ̀gá rẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi hàn án. Ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá gbé e wọlé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ orúkọ Mọdúpẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn náà fún mi nínú ọkọ̀ mi, níbi tí róbọ́ọ̀tì, iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì, ti dá wa dúró ní Bruma. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀. Kí róbọ́ọ̀tì tó di àwọ̀ ewé, ó ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Mo kọ ọ́ pé obìnrin yìí kì í gbọ̀n níwájú ìṣirò tó wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í gbọ̀n níwájú ẹni tó wọ́ ọ. Gbogbo ohun tí mo kọ ló jẹ́ òtítọ́, àfi gbólóhùn kan. Mo kọ ọ́ pé ọ́fíìsì kan náà ni èmi àti rẹ̀ jọ wà. N kò ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì yẹn rí, ọkọ̀ mi nìkan ló mọ ibi ìgbọ́kọ̀sí wọn. N kò fi orúkọ sí i. Mo fi ọwọ́ ara mi gbé e lọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ wa ní Newtown, mo jù ú sínú àpótí, mo sì kí akọ̀wé tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, tí akọ̀wé ti fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ Mọdúpẹ́, mo fi gíláàsì sójú, mo ka lẹ́tà náà bí ẹni tí kò rí i rí. Mo tilẹ̀ mi orí. A yan méjìlá, Mọdúpẹ́ sì wà nínú wọn.

Ẹgbẹ́ wa máa ń fi ẹ̀dà lẹ́tà ránṣẹ́ sí ẹni tí a bá yàn. N kò rántí èyí rárá. Mọdúpẹ́ sáré wá sílé mi pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́, ó jókòó sídìí tábìlì tí mo ti kọ ọ́ gan-an, ó sì ń ka ọ̀rọ̀ mi fún mi, omijé ń dà lójú rẹ̀. Èmi náà sunkún. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹkún ayọ̀ gidi ni.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ wò ó, àjèjì ló rí mi. Kì í ṣe ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn mi." Kàkà kí n jẹ́wọ́, áńkáṣífù ni mo nà sí i.

Ó ti mọ ẹni tó kọ ọ́, ẹ ò rí nǹkan. Ó ní ọ̀gá òun ni. Ẹ jẹ́ ká pe ọkùnrin náà ní Ọ̀gbẹ́ni Kobus, ọmọ ilẹ̀ ibí ni, àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun. "Àwa méjì péré la wà nínú yàrá yẹn," ni Mọdúpẹ́ wí. Ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ tó sọ nídìí róbọ́ọ̀tì.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó wọ ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Kobus, ó sì kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì. Ọkùnrin náà fò dìde. Ó ṣẹlẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ló fún Mọdúpẹ́ ní ìsinmi ọjọ́ méjì nítorí ilé ìwé ọmọ rẹ̀, ó sì rò pé ohun tó ń dúpẹ́ lé lórí nìyẹn. Ó ní, "Dìde, Modupe, jọ̀ọ́, kò tó ọpẹ́!" Mọdúpẹ́ pè mí láti ibẹ̀. "Àǹtí, ó ní kò tó ọpẹ́! Ẹ ò rí i pé òun ni?"

Mo ní, "Ọlọ́run ṣeun."

Bí ọpẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mọdúpẹ́ kò fẹ́ jẹ́ ọlọ́ṣà. Gbogbo Kérésìmesì, ó ń gbé ìrẹsì alátaa lọ fún Ọ̀gbẹ́ni Kobus, ata rẹ̀ ń mú kí imú ọkùnrin náà máa ṣomi, ó sì ń jẹ ẹ́ tán. Kì í kúrò níbi iṣẹ́ kí ọ̀gá tó kúrò. Bí ọkùnrin náà bá sín, Mọdúpẹ́ á ní kó pẹ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ti ayọ̀ tó wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi yípadà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ẹ̀kọ́ náà, nínú gbọ̀ngàn kan ní Newtown, wọ́n ní kí olúkúlùkù dìde sọ ohun kan tó ti ṣe. Mo wà lẹ́yìn pátápátá. Mọdúpẹ́ dìde, ó di àga iwájú rẹ̀ mú. Ó sọ ìtàn ìwé owó yẹn, nígbà tó dé ìparí, ó dánu dúró, ó gbé ojú sókè, ó ní, "Èmi ni mo ṣe é." Gbọ̀ngàn náà mì. Àwọn obìnrin Zulu ń fi ahọ́n dárin ayọ̀, èmi ń pariwo "Èkìtì!" bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìjẹ̀bú ni mí.

Láti ìgbà yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Alexandra ní òwúrọ̀ Sátidé, níbi tí ẹgbẹ́ wa ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń ta ọjà níṣẹ́ ìṣirò. Mo bá a lọ lọ́jọ́ kan. Ọmọbìnrin kan tó ń dín ẹja tà ń sọ pé òun kàn ń gbìyànjú ni, Mọdúpẹ́ sì fọwọ́ lu tábìlì. "Rárá o! Sọ pé ìwọ lo dá a sílẹ̀, ìwọ lo ń darí rẹ̀!" Mo kọjú sí ògiri, mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti èmi kò tó ogún.

Lóṣù tó kọjá, ilé iṣẹ́ ńlá kan ránṣẹ́ sí Mọdúpẹ́ pé kó wá ṣe ọ̀gá pátápátá fún gbogbo ẹ̀ka owó wọn. Ó wá sọ fún mi nílé. Kó tó parí ọ̀rọ̀, mo ti dìde, mo ti gbé ijó. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wò mí.

"Àǹtí, mi ò ní gbà á."

Mo ní, "Kí ló dé?"

"Ọ̀gbẹ́ni Kobus ni. Ẹni tó kọ irú lẹ́tà yẹn nípa mi, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ mí. Ó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì, kí n wá kẹ̀yìn sí i? Ìran wa kì í ṣe aláìmoore."

Mo bẹ̀ ẹ́, mo pariwo mọ́ ọn, mo ní ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ á fẹ́ kó lọ. Ó ní ìyẹn gan-an ni kò ṣe ní lọ, torí pé èèyàn rere ni. Ọjọ́ Fúráìdé ni wọ́n ń retí èsì rẹ̀. Nígbà tó lọ tán, mo jókòó sórí ilẹ̀. Mo ti fi lẹ́tà kan ṣílẹ̀kùn fún un, lẹ́tà yẹn náà ló sì ti í mọ́lé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ìtìjú nìkan ló ń dí mi lẹ́nu. Ohun tí mò ń bẹ̀rù jù ni ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ tó ka lẹ́tà náà fún mi, pé àjèjì ló rí òun. Orí ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo ìgboyà rẹ̀ dúró lé. Bí mo bá sọ fún un pé èmi ni, ṣé kò ní sọ pé, áà, ẹnikẹ́ni ò rí mi nígbà náà, Àǹtí mi ló kàn ṣàánú mi? Èwo ló sàn, kó pàdánù iṣẹ́ náà, tàbí kó pàdánù ara rẹ̀?

Ní ọ̀sán Wẹ́sídé, mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo wakọ̀ lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀. Mo ní kó wá jókòó nínú ọkọ̀. Mo di ọwọ́ ọkọ̀ mú bí ẹni ń sáré lójú títì, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ dúró gbagidi. Mo sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí tábìlì ìdáná dé inú àpótí Newtown.

Ó béèrè ohun tí mo mọ̀ pé yóò béèrè. "Nítorí náà, ojú ọ̀rẹ́ ni wọ́n fi mú mi?"

Ohun kejì wà tí n kò tíì sọ fún ẹ̀yin náà títí di ìsinsìnyí, torí pé ó tì mí lójú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ ń fún àwọn lẹ́tà ní máàkì, ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé bí mo bá fún Mọdúpẹ́ ní máàkì tó dára, ẹ̀rí ọkàn mi yóò pariwo, àwọn yòókù á sì gbọ́ ọ. Ni mo bá fún un ní mẹ́rin nínú mẹ́wàá.

Mo sọ ọ́ fún un. Mo ní, "Èmi ni mo fún ọ ní máàkì tó kéré jù. Àwọn mẹ́rin fún ọ ní mẹ́sàn-án, ẹnìkan fún ọ ní mẹ́wàá. Èmi fún ọ ní mẹ́rin."

"Mẹ́rin?"

"Mẹ́rin."

"Mẹ́rin, Àǹtí! Ẹni tó kọ lẹ́tà ló fún lẹ́tà ní mẹ́rin?" Ó bọ́ sínú èdè Èkìtì, ó sì fi í bú mi dáadáa, ohun tí kò ṣe sí mi rí. Ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí yọjú wò wá. Lójijì, ó yíjú sí mi. "Àwọn márùn-ún yẹn, wọ́n mọ̀ mí?"

"Wọn ò mọ̀ ọ́ rí. Nọ́ńbà lásán ni wọ́n mọ̀. Kò sì sí irọ́ kankan nínú ohun tí wọ́n kà pé o ṣe."

Ó wo iwájú, ó ń fi ìka ka máàkì àwọn márùn-ún náà lórí orúnkún rẹ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ó ń rín in, ó ń sunkún, èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, a jọ ń gbá ara wa mú lórí ọ̀pá jíà.

Ó gòkè lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Kobus lójú ẹsẹ̀. Ọkùnrin náà ní kò sí lẹ́tà kankan tí òun mọ̀. Ó ní òun rò pé bí àwọn ọmọ Nàìjíríà ṣe ń dúpẹ́ ìsinmi ọjọ́ méjì nìyẹn, kò sì fẹ́ rí àṣà ẹnikẹ́ni fín. Ó jẹ́wọ́ pé ó yẹ kí òun ti kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò wá sí òun lọ́kàn, ó sì bẹ Mọdúpẹ́ pé kó má bínú. Ó kàn tọrọ ohun kan, pé kí ìrẹsì Kérésìmesì má dúró. Mọdúpẹ́ gba iṣẹ́ tuntun náà ní àárọ̀ Fúráìdé. Mo jó láti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì mi dé ibi tí wọ́n ti ń po tíì, wọ́n sì bi mí bóyá ara mi yá.

Ó wá ku ẹ̀yin. Obìnrin kan wà tó jẹ́ ìkẹtàlá lọ́dún yẹn, tí àyè rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Mọdúpẹ́. N kò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó pa òfin mọ́, èmi kò pa á mọ́. Arábìnrin mi, bí o bá ń ka èyí, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ ọ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo ti kọ̀wé pé kí ẹ yọ mí kúrò nínú ìgbìmọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi bóyá ìyẹn tó, tàbí kí n dìde ní ìpàdé kí n tún un sọ lójú gbogbo yín. Ohun tí ẹ bá ní kí n ṣe ni n ó ṣe.

Mọdúpẹ́ ti dárí lẹ́tà jì mí. Máàkì yẹn ni kò gbà. Mo pè é láàárọ̀ yìí, mo tún bẹ̀bẹ̀, mo ní ó yẹ kí n ti fún un ní mẹ́sàn-án bíi ti àwọn yòókù. Ó ní, "Rárá, Àǹtí. Mẹ́wàá ni mo gbà. Èmi ni mo ṣe iṣẹ́ yẹn, mẹ́wàá ló sì tọ́ sí mi." Ó gbé fóònù sílẹ̀ fún mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Mẹ́wàá ni.